Afasẹ́gbèjò ń tan ara rẹ̀ jẹ: Ọ̀rọ̀ asẹ́ ọ́ìlì àti àwọn bọ́ọ̀sì ògbólógbòó ní gáréèjì Tudu

Kò sí ọmọ Yorùbá tó mọ ọ̀nà Gánà dáadáa tí kò mọ Tudu. Àárín gbùngbùn ìlú Accra ni àdúgbò náà wà, kò jìnnà sí ọjà Makola, ọ̀rọ̀ Hausa tó túmọ̀ sí ibi gíga sì ni orúkọ rẹ̀. Gáréèjì ibẹ̀ ni ẹni tó ń lọ sí Aflao, tí í ṣe ẹnubodè Gánà àti Tógò, ti ń wọkọ̀. Láti Aflao ni yóò ti kọjá sí Lomé, kó tó forí lé Kútọnu, Ṣẹ̀mẹ̀ àti Èkó. Ọ̀nà tí àwọn bàbá àti ìyá wa fi ẹrù rìn nìyẹn, ọ̀nà náà sì ni ọ̀pọ̀ wọn gbà padà sílé pẹ̀lú ẹkún nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní November 1969 pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì.

Láti Tudu dé Aflao, nǹkan bí 190 kìlómítà ni. Kò jìnnà lójú ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ jí pépé. Ṣùgbọ́n bí ọ́ìlì bá dá nínú ẹ́ńjìnnì láàrin ọ̀nà, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló kù tí ọkọ̀ tó ń bọ́ ìdílé méjì tàbí mẹ́ta yóò fi di òkú irin. Ohun tó sì lè fa gbogbo wàhálà yìí kò tóbi ju agolo mílíìkì ńlá lọ. Òun ni asẹ́ ọ́ìlì, tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní fíltà.

Ọmọ tọ́rọ́ tó dàgbà

Trotro ni àwọn ará Gánà ń pe bọ́ọ̀sì akérò. Inú èdè Gà ni orúkọ náà ti wá, owó tọ́rọ́ tí èrò ń san nígbà kan rí ló sì ń tọ́ka sí. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ níbẹ̀ yẹn, nítorí tọ́rọ́ wa àti “tro” tiwọn kò jìnnà síra.

Kò wọ́pọ̀ kí irú bọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ jẹ́ tuntun. Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n ti ru ẹrù fún káfíńtà tàbí oníbúrẹ́dì ní Jámánì tàbí Hóláǹdì, kó tó di pé wọ́n la fèrèsé sí wọn lára, tí wọ́n sì to àga sí wọn nínú. Ní 1998, ìjọba Gánà ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má kó ọkọ̀ tó ti lò ju ọdún 10 wọ ìlú mọ́. Ní 2002, wọ́n yí òfin náà padà, wọ́n fi owó ìtanràn rọ́pò rẹ̀. Nígbà náà, ẹni tó bá lágbára láti san án lè kó ọkọ̀ àgbà wọlé.

Nínú gbogbo wọn, ọ̀kan wà tí orúkọ rẹ̀ kò ní parun bọ̀rọ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà: Mercedes-Benz 207. Láti 1977 títí di 1995 ni ilé iṣẹ́ náà fi ṣe ìdílé bọ́ọ̀sì yìí ní Jámánì, kó tó di pé Sprinter gba ipò rẹ̀. Ìyẹn ni pé èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú wọn lónìí ti gbọ̀n sẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún. Mẹkáníìkì tó ń tún un ṣe lè má tíì tó o lọ́jọ́ orí.

Bí asẹ́ ògì ṣe rí ni ti ọ́ìlì rí

Ẹni tó bá ti rí ìyá arúgbó tó ń sẹ́ ògì ti mọ iṣẹ́ asẹ́ ọ́ìlì tán. Ìyá á da àgbàdo tó lọ̀ sórí asẹ́, á bu omi sí i, ògì á jò sísàlẹ̀, èérí á kù sókè. Bí ihò asẹ́ bá fẹ̀ jù, èérí á bá ògì lọ. Bí ó bá dí jù, ògì kò ní jò, iṣẹ́ á dúró.

Nínú ẹ́ńjìnnì, pọ́ǹpù ń fa ọ́ìlì láti inú àwo ìsàlẹ̀, ó ń tì í gba inú asẹ́ kọjá, lẹ́yìn náà ni yóò dé ara àwọn irin tó ń yí. Ọ́ìlì tín-ín-rín tó wà láàrin irin àti irin ni kì í jẹ́ kí wọ́n jẹ ara wọn. Ẹ̀ẹ́rún irin, eruku ọyẹ́ àti èédú tí dísẹ́ẹ̀lì ń tú sílẹ̀ ni èérí tí asẹ́ ń dá dúró, púpọ̀ nínú wọn kò sì nípọn tó ìdajì fọ́nrán irun orí. Ojú kò lè rí wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń ha irin bí yanrìn ṣe ń ha àwo.

Àwọn ọkọ̀ àkọ́kọ́ láyé kò ní asẹ́ tó jẹ́ asẹ́. Ní 1923 ni ará Amẹ́ríkà kan, Ernest Sweetland, gbé irú rẹ̀ jáde, ó pè é ní Purolator, àpèkúrú gbólóhùn kan tó túmọ̀ sí pé ọ́ìlì yóò mọ́ tó bá yá. Kí èyí tó dé, àfi kí onímọ́tò máa da ọ́ìlì nù lemọ́lemọ́. Ẹni tó bá wá lo asẹ́ tí kò bá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mu lónìí ti dá ara rẹ̀ padà sí ayé ìgbà náà, àmọ́ òun kò mọ̀, torí ó rò pé òun ní asẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ní afasẹ́gbèjò ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ẹni tó fẹ́ ra asẹ́ á dé ìsọ̀, á ní, “Ẹ fún mi ní ti 207.” Ọlọ́jà á nawọ́ sókè, á mú páálí kan wálẹ̀, wọ́n á san owó, ó parí. Ohun tí wọn kò béèrè ni pé: ẹ́ńjìnnì wo ló wà nínú 207 náà?

Nọ́ńbà tó wà lára bọ́ọ̀sì yẹn kì í ṣe orúkọ ẹ́ńjìnnì. Ìwọ̀n ọkọ̀ ni nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ, ó lé ní tọ́ọ̀nù 2. Agbára ni 7 ń sọ, ó wà ní àyíká agbára ẹṣin 70. “D” tó tẹ̀ lé e ni dísẹ́ẹ̀lì. Ẹ́ńjìnnì tí ilé iṣẹ́ fi sínú 207 D ni wọ́n ń pè ní OM616, ó ní sílíńdà 4, lítà 2.4 ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, 209 D, gba OM617, ó ní sílíńdà 5. Nígbà tó di 1989, ilé iṣẹ́ náà pààrọ̀ wọn: 208 D gba OM601, 210 D sì gba OM602. Ara bọ́ọ̀sì kò yí padà tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní gáréèjì, ìbejì ni. Ṣùgbọ́n asẹ́ OM616 kì í ṣe asẹ́ OM601.

Èyí tó tún burú jù ni pé ọkọ̀ tó ti lò tó bẹ́ẹ̀ lè má ní ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bí i mọ́ mọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá nọ́ọ̀kì, olówó ọkọ̀ á lọ sí Abossey Okai, ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò tó gbajúmọ̀ jù ní Accra, tàbí Suame Magazine ní Kumasi, ìlú mẹkáníìkì fúnra rẹ̀. Ohun tí owó rẹ̀ bá ká ló máa rà: ó lè jẹ́ ẹ́ńjìnnì Benz mìíràn, ó lè jẹ́ ti Toyota tàbí Nissan tí wọ́n jó irin mọ́ kó lè jókòó. Láti ọjọ́ náà lọ, 207 ni lójú, ẹlòmíràn ni nínú. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Nítorí náà, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ fi ra asẹ́. Ẹ má fi èyí tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ rà á.

“Ó wọ̀ ọ́” yàtọ̀ sí “ó bá a mu”

Oríṣi asẹ́ méjì ló wà. Èkíní ni ti Benz àtijọ́ wọ̀nyí: bébà tí wọ́n ká jọ ni, wọ́n ń kì í bọ inú agolo irin tó jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, nọ́ọ̀tì méjì ló ń de ìdérí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń pààrọ̀ rẹ̀, bébà nìkan ló ń kúrò, agolo kò lọ síbì kan. Ti OM616 tún ní ọgbọ́n kan nínú: apá kan rẹ̀ ń sẹ́ ọ́ìlì tó ń lọ sára irin, apá kejì ń sẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń sẹ́ ẹ kúnná ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì ń dá a padà sínú àwo ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ki bébà tó kúrú bọ inú rẹ̀ yóò de ìdérí, ọkọ̀ yóò jí, kò ní jò. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì yóò máa gba ẹ̀gbẹ́ bébà kọjá láìsẹ́. Afasẹ́gbèjò gan-an nìyẹn.

Oríṣi kejì ni agolo odindi tí wọ́n ń yí mọ́ ẹ́ńjìnnì, bí irú èyí tó wọ́pọ̀ lára Toyota àti Nissan. Tí ó bá ti gbó, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń sọ nù. Ibí yìí ni ewu ńlá wà. Ìlọ́ irin tó wà nínú ihò agolo, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tírẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe ìwọ̀n kan náà fún gbogbo ọkọ̀. Méjì tó wọ́pọ̀ jù jọra bí ẹní bí ìbejì: ọ̀kan jẹ́ mílímítà 20, èkejì jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íńṣì, tí í ṣe mílímítà 19.05. Ohun tó fi wọ́n yàtọ̀ kò tó mílímítà kan.

Bí ẹnì kan bá mú agolo onímílímítà 20, tó yí i mọ́ irin tó jẹ́ 19.05, yóò wọlé wẹ́rẹ́. Ọmọ iṣẹ́ á ní, “Ọ̀gá, ó ti wọ̀ ọ́.” Lóòótọ́, ó wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n etí ìlọ́ nìkan ló di ara wọn mú. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, tí pọ́ǹpù fi agbára ti ọ́ìlì, agolo náà lè já kúrò lórí eré. Gbogbo ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì yóò dà sí títì, dírẹ́bà tí kò bá tètè rí iná pupa iwájú rẹ̀ yóò sì máa wa irin gbígbẹ lọ.

Fáàfù tí ojú kò rí

Àwọn asẹ́ mìíràn wà tí ìlọ́ wọn bá a mu, tí rọ́bà wọn jókòó dáadáa, síbẹ̀ tí wọn kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì náà. Ohun tó fa èyí wà nínú agolo, níbi tí ojú kò dé.

Fáàfù kékeré kan ni àkọ́kọ́. Bí asẹ́ bá dí pátápátá, fáàfù yìí á ṣí, á jẹ́ kí ọ́ìlì tí wọn kò sẹ́ gba àbùjá lọ sára irin, nítorí ọ́ìlì ìdọ̀tí sàn ju àìsí ọ́ìlì lọ. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan wà tí fáàfù yìí wà lára tiwọn, wọn kò retí rẹ̀ nínú asẹ́. Àwọn mìíràn sì retí pé inú asẹ́ ni yóò wà. Bí ẹ bá gbé èyí tí kò ní i fún ẹ́ńjìnnì tó nílò rẹ̀, ọjọ́ tí asẹ́ bá dí ni ọ̀nà ọ̀fun ẹ́ńjìnnì dí.

Rọ́bà pẹlẹbẹ tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn padà nígbà tí ọkọ̀ bá kú ni èkejì. Ọkọ̀ tí asẹ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nílò rẹ̀ gidigidi. Bí kò bá sí níbẹ̀, àràárọ̀ ni ẹ́ńjìnnì yóò máa jí sórí òfo, tí irin yóò máa ké kàkàkà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ọ́ìlì tó dé. Kò ní pa ọkọ̀ lónìí, kò ní pa á lọ́la. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa jẹ ẹ́ńjìnnì náà, bí ikán ṣe ń jẹ ilé.

Owó ta ni yóò ra á?

Ẹni tó bá rò pé àìmọ̀ nìkan ló ń fa èyí kò tíì mọ bí iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ṣe rí. Kò wọ́pọ̀ kí olówó ọkọ̀ wa ọkọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Dírẹ́bà ló ń wà á, ó sì ní iye tó gbọ́dọ̀ jí fún un lójoojúmọ́. Ní Gánà, “sales” ni wọ́n ń pe owó náà. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń san owó ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di tiwọn. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dúró ní gáréèjì mẹkáníìkì, kò sí owó ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, bí àkókò pípààrọ̀ ọ́ìlì bá tó, ìfura á bẹ̀rẹ̀. Olówó ọkọ̀ á ní dírẹ́bà ń bu owó lé asẹ́. Dírẹ́bà á ní ọ̀gá háwọ́. Mẹkáníìkì á rán ọmọ iṣẹ́ lọ sọ́jà, ọmọ iṣẹ́ á ra èyí tó rọ̀ jù, á fi ìyókù sápò. Ìgbà mìíràn, wọ́n á pààrọ̀ ọ́ìlì, wọ́n á fi asẹ́ àtijọ́ sílẹ̀ láti fi dín owó kù. Ìyẹn dà bí ẹni tó wẹ̀ tán tó padà wọ aṣọ ìdọ̀tí. Ọ́ìlì tó kù nínú asẹ́ àtijọ́, tòun ti gbogbo ẹ̀gbin tó ti kó jọ, ni yóò kọ́kọ́ pàdé ọ́ìlì tuntun.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wá nọ́ọ̀kì, kò sí ẹni tí yóò rántí asẹ́ mọ́. Wọ́n á ní ọkọ̀ ti darúgbó ni, àwọn mìíràn á ní ayé ló ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọ̀tá ni irú ìjà bẹ́ẹ̀ ti dá sílẹ̀ láàrin ẹ̀gbọ́n tó ra ọkọ̀ àti àbúrò tó ń wà á.

Ayédèrú inú páálí ẹlẹ́wà

Bí ẹni tó ń rà á bá mọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pàápàá, ọjà kò ṣe é fi ojú fò. Orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ilẹ̀ Jámánì àti Jàpáànù ni àwọn ayédèrú ń gbé wọ̀, ní Accra, ní Ládìpọ̀ l'Ékòó àti ní Ìbàdàn bákan náà. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Páálí tó ń dán kọ́ ni asẹ́ gidi.

Inú páálí ni kí ẹ wò. Lára asẹ́ bébà, kí ẹ wò ó bóyá ìká rẹ̀ dọ́gba, bóyá ó lẹ̀ mọ́ ìdí àti orí rẹ̀ gírígírí, bóyá àwọn òrùka rọ́bà tó yẹ kó bá a wá pé síbẹ̀. Lára asẹ́ alágolo, kí ẹ fi ìka tẹ rọ́bà ẹnu rẹ̀. Ó yẹ kó rọ̀, kò gbọdọ̀ le bí ike. Kí ẹ wo ìlọ́ inú ihò rẹ̀ bóyá ó mú, tí kò ní ẹ̀ẹ́rún irin. Kí ẹ sì fi nọ́ńbà ara páálí wé ti ara asẹ́ gan-an. Bí méjèèjì bá yàtọ̀ síra, ẹ dá a padà fún un.

Ọ̀nà tí kì í tan ni

Ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dójú àmì ń ṣe kò le. Wọ́n á nu ìdọ̀tí kúrò lára ẹ́ńjìnnì, wọ́n á kọ nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n á mú un lọ sọ́jà. Gbogbo ilé iṣẹ́ asẹ́ tó dúró ṣinṣin ló ní ìwé tí wọ́n to ẹ́ńjìnnì àti asẹ́ rẹ̀ sí. Ọlọ́jà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á ṣí i. Wọ́n á mú asẹ́ àtijọ́ dání láti fi wé tuntun: gíga rẹ̀, fífẹ̀ rọ́bà rẹ̀, ìlọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò ní gbára lé e nìkan, nítorí ẹni tó rà á kẹ́yìn lè ti ṣìnà.

Ọmọ Nàìjíríà tó bá fẹ́ rà á ní Tudu gbọ́dọ̀ ṣọ́ ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú. Mẹkáníìkì ni wọ́n ń pè ní “fitter” ní Gánà, ẹni tó bá sì ń béèrè fíltà pẹ̀lú ohùn Yorùbá lè bá ara rẹ̀ níwájú ẹni tó mú sípánà lọ́wọ́. Kó kúkú fi èyí tó wà lọ́wọ́ hàn wọ́n. Abèèrè kì í ṣìnà.

Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi asẹ́ alágolo sí i, kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá rọ́bà àtijọ́ ti bá agolo àtijọ́ kúrò, nítorí rọ́bà méjì tó gun ara wọn ni ọ̀nà tó yá jù láti da gbogbo ọ́ìlì sí títì. Kí wọ́n fi ọ́ìlì pa rọ́bà tuntun lára, kí wọ́n fi ọwọ́ yí agolo títí rọ́bà yóò fi kan irin, kí wọ́n wá fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyípo kún un. Tí asẹ́ bá jẹ́ ti bébà, òrùka rọ́bà tuntun ni kí wọ́n lò, kí wọ́n má dá ti àtijọ́ padà. Kí dírẹ́bà wá jí ẹ́ńjìnnì láìtẹ iná mọ́ ọn, kó wò ó bóyá iná pupa ọ́ìlì kú kíákíá, kó sì bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kí èrò kankan tó wọlé. Bí ọ́ìlì dísẹ́ẹ̀lì bá tètè dúdú lẹ́yìn èyí, kí ọkàn ẹnikẹ́ni má pòrúurùu; èédú ló fà á, ó sì jẹ́ àmì pé ọ́ìlì ń fọ inú ẹ́ńjìnnì.

Ní ti ìjà olówó ọkọ̀ àti dírẹ́bà, oògùn rẹ̀ kò ju kí wọ́n jọ lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n jọ mọ nọ́ńbà asẹ́ tó tọ́, kí wọ́n sì fi ọ̀dà kọ ọ́ sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ọmọ iṣẹ́ tó lè sọ pé òun kò mọ èyí tí wọ́n rán òun. Àwọn bọ́ọ̀sì Tudu kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára wọn níta. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n bá kọ sínú lè jẹ́ èyí tó máa gbé èrò dé Aflao láyọ̀.